Àrokò Inú Gíláàsì: Bí Fáíbà Ṣe Ń Yẹ Ẹ̀jẹ̀ àti Oúnjẹ Wò

"Okun o, tíṣà. Fáíbà tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ létí títì yìí, ṣé òun náà ni wọ́n ní ó ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀?"

Ìyá kan tó ń ta ẹ̀gúsí ní Kàbà ló bi mí ní ìbéèrè yìí. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni àwọn òṣìṣẹ́ gbẹ́ kòtò tóóró kọjá níwájú ìsọ̀ rẹ̀, wọ́n ri ọ̀pá rọ́bà sí i, wọ́n ní ti íńtánẹ́ẹ̀tì ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà ni ọmọ rẹ̀ fi fídíò kan ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ẹnì kan wọ aṣọ funfun nínú rẹ̀, ó mú nǹkan kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun dání, iná pupa ń tàn ní ṣóńṣó orí rẹ̀, ohùn kan sì ń sọ pé láìpẹ́ fáíbà ni yóò máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ìyá ní àtọ̀gbẹ. Àràárọ̀ ló ń gún ìka rẹ̀ lábẹ́rẹ́. Ó rò pé bóyá ohun tí wọ́n rì síwájú ìsọ̀ òun ni yóò gba òun lọ́wọ́ abẹ́rẹ́.

Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò já geere lẹ́nu mi. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ mi, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ, mi ò tíì sọ ọ́ rí ní èdè tí mo fi ń ná ọjà. Ohun tí mo ń kọ sílẹ̀ yìí ni ìdáhùn tó yẹ kí n fún un lọ́jọ́ náà.

Láyé àtijọ́, ọba tó bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ọba ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa di àrokò. Owó ẹyọ, ìyẹ́ ẹyẹ, èédú, ohunkóhun tí ọ̀rọ̀ náà bá gbà, wọ́n á so ó pọ̀, wọ́n á gbé e fún ìránṣẹ́. Ìránṣẹ́ yẹn lè rin ìrìn ọjọ́ mẹ́ta kó má mọ ohun tó gbé dání. Ẹni tó di àrokò ló mọ ohun tó fi sí i, ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ló mọ̀ ọ́n kà. Bí ọ̀rọ̀ fáíbà, òwú gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ṣe rí nìyẹn. Ìránṣẹ́ ni. Ìmọ́lẹ̀ ni àrokò tó ń gbé. Fáíbà etí títì ń gbé àrokò tí kọ̀ǹpútà dì, ti ilé ìwòsàn ń gbé èyí tí ẹ̀jẹ̀ dì. Gíláàsì kan náà ni wọ́n fi ṣe méjèèjì, kò sì sí èyí tó mọ ìtumọ̀ ohun tó gbé.

Báwo wá ni gíláàsì ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀? Ẹ mú ìgò ike omi kan, ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ rọ omi kún un. Ẹ ṣe é lálẹ́, nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Kí ẹnì kan tan tọ́ọ̀ṣì sí ìgò náà láti ẹ̀yìn, kí iná dojú kọ ihò. Omi yóò máa tú jáde, yóò máa tẹ̀ lọ sílẹ̀. Ẹ na àtẹ́lẹwọ́ sí ibi tí omi náà ti ń kán: ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ tó ń jó lórí ọwọ́ yín. Ìmọ́lẹ̀ bá omi tẹ̀. Colladon ṣe irú èyí ní ìlú Geneva ní nǹkan bí ọdún 1841, Tyndall náà ṣe é fún àwọn èèyàn ní London ní 1854. Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń pariwo nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí i, inú tèmi náà kò sì tíì yé dùn sí i.

Ohun tó dá ìmọ́lẹ̀ dúró sínú omi kò ṣàjèjì sí àwọn apẹja Odò Ọya lápá Lọ́kọ́ja. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀kọ̀ gún ẹja kì í gún ibi tí ojú rẹ̀ ti rí i. Ìsàlẹ̀ díẹ̀ ló ń gún, nítorí ẹja jìn ju bí ojú ṣe rò lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ti inú omi bọ̀ sínú afẹ́fẹ́ a máa tẹ̀ bó bá dé ojú omi. Bó bá wá dagun jù nígbà tó débẹ̀, kò ní lè jáde mọ́, ojú omi yóò dá a padà bíi dígí.

Nínú fáíbà, gíláàsì ló gba ipò omi. Méjì ni gíláàsì náà, ọ̀kan wà nínú èkejì. Ti inú ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, ti òde ló ń dá a padà kó má bàa sá lọ. Bí a bá wọn méjèèjì pọ̀, ìbú wọn jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ mìlímítà. Ti inú nìkan, nínú irú tí wọ́n ń rì sétí títì, tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ fíìfíì. Ní 1966, Charles Kao, tí wọ́n bí ní Shanghai tó sì ń ṣiṣẹ́ ní England, là á yé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ìdọ̀tí inú gíláàsì ló ń pa ìmọ́lẹ̀, pé bí gíláàsì bá mọ́ tó, ìmọ́lẹ̀ yóò rìn jìnnà. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2009. Fáíbà tó dára lónìí lè gbé ìmọ́lẹ̀ rin nǹkan bíi kìlómítà 15 kó tó dín sí ìdajì.

Àwọn dókítà ti ń lo òwú gíláàsì kí íńtánẹ́ẹ̀tì tó dé. Ní 1957, Basil Hirschowitz, dókítà kan ní Yunifásítì Michigan, di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́nrán gíláàsì pọ̀ ṣe ojú tí wọ́n lè kì bọ ọ̀nà ọ̀fun. Ọ̀fun ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ kì í bọ̀ kó tó lò ó fún aláìsàn. Mo bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe yẹn, ojú ni. Ó ń jẹ́ kí dókítà rí egbò inú àpòlúkù. Sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń wọn nǹkan, tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, nítorí kì í ya àwòrán. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń dáhùn: ṣúgà yìí pọ̀ tó báwo? Ibí yìí gbóná tó báwo? Ṣé kòkòrò báyìí wà níbí? Bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n "fi fáíbà wo" ẹnì kan, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n fi ríran ni tàbí wọ́n fi wọn nǹkan.

Ibi tí mo fẹ́ kí a jókòó sí dáadáa nìyí: báwo ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń di àrokò sínú ìmọ́lẹ̀?

Mo ní gíláàsì ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Òótọ́ ni, àmọ́ kò dá a padà tán pátápátá. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti kan etí gíláàsì kó tó yí padà, díẹ̀ nínú agbára rẹ̀ máa ń yọjú síta. Ẹ ronú nípa ààrò: ẹni tó jókòó sétí ààrò ń yáná, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò mọ̀ pé iná ń jó. Ìyọjú ìmọ́lẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó dé kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Bí ẹ bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìpín kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní nánómítà. Ìmọ́lẹ̀ tó yọjú kì í sábàá ju ọgọ́rùn-ún nánómítà mélòó kan lọ kó tó kú. Kòkòrò tó ń fa kọ́lẹ́rà gùn ju ẹgbẹ̀rún nánómítà kan lọ. Ìmọ́lẹ̀ yẹn kò lè la inú rẹ̀ já, ara rẹ̀ ló lè fọwọ́ kàn.

Nítorí náà, bí wọ́n bá bó gíláàsì òde kúrò lára fáíbà níbì kan, tí wọ́n sì ki ibẹ̀ bọ inú ẹ̀jẹ̀, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà kọ́ ni ìmọ́lẹ̀ yóò mọ̀ sí. Ohun tó bá wá lẹ̀ mọ́ ara fáíbà nìkan ló kàn án. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí sọ èyí di ọgbọ́n. Wọ́n á fi tàkúté kùn ara gíláàsì, tàkúté tó jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo ló ń mú. Èyí tí wọ́n ń lò jù ni áńtíbọ́dì, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tí ara ń dá láti di ọ̀tá kan pàtó mú. Áńtíbọ́dì kọ́lẹ́rà kò ní mú ibà, ti ibà kò sì ní mú kọ́lẹ́rà. Bí ohun tí wọ́n ń wá bá wà níbẹ̀, á há sí tàkúté, á wọ àyè ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń yọjú sí, ìmọ́lẹ̀ tó ń padà bọ̀ á sì yí díẹ̀. Àrokò ti dì nìyẹn.

Ẹ̀yin ará Yàgbà, ọ̀rọ̀ tó kàn kàn yín. Àwọn èèyàn ń wa wúrà ní agbègbè Ìsánlú, ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ìba díẹ̀ tí wọ́n bá rí. Iye tí sẹ́ńsọ̀ fáíbà ń fẹ́ kò tó nǹkan kan: wúrà tí wọ́n tẹ́ sí ara gíláàsì ní nǹkan bí nánómítà 50. Bí ẹ bá kó ẹgbẹ̀rún kan irú rẹ̀ lé ara wọn, bóyá ni yóò nípọn tó fọ́nrán irun kan. Bí ìmọ́lẹ̀ bá dé abẹ́ wúrà tó fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tó bá ara wúrà mu, wúrà á gbé àwọ̀ yẹn mì, ìyókù á padà. Ìmọ́lẹ̀ tó padà wá, àwọ̀ kan ti sọnù nínú rẹ̀. Ní kété tí nǹkan bá bà lé orí wúrà, ì báà ṣe ohun tí kò tóbi ju nánómítà mẹ́wàá lọ, àwọ̀ mìíràn ni yóò sọnù. Ẹ̀rọ tó wà ní ìdí fáíbà yóò kàn máa ṣọ́ àwọ̀ tó sọnù náà bó ṣe ń sún. Àwọn ará Jámánì méjì, Otto àti Kretschmann, ló fi hàn ní 1968, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí a ṣe lè fi ìmọ́lẹ̀ ṣe é. Jorgenson àti Yee gbé e sórí fáíbà ní Amẹ́ríkà ní 1993.

Bí èyí bá ṣe yín bí ìtàn ilẹ̀ òkèèrè, ẹ ti fojú rí ìbátan rẹ̀. Páálí pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi yẹ ibà wò ní kẹ́mísìtì, tí wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sí, tí ìlà pupa á yọ lára rẹ̀: nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, wúrà ni ìlà pupa yẹn. Wúrà tí wọ́n bá lọ̀ kúnná dé ìwọ̀n ogójì tàbí ọgbọ̀n nánómítà kì í dán bí wúrà mọ́, pípọ́n ló ń pọ́n. Áńtíbọ́dì ni wọ́n so mọ́ ọn. Tàkúté àti wúrà, bíi ti fáíbà gẹ́lẹ́. Ojú yín ló ń ka àrokò ti páálí, ìdí nìyẹn tí kò fi lè sọ ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀rọ ló ń ka ti fáíbà, ìdí nìyẹn tó fi lè sọ iye.

Àwọn fáíbà kan wà tí kò nílò tàkúté rárá, torí pé ooru tàbí ìfúnpá ni wọ́n ń wọn. Àwọn ìyá wa ní Bùnú tó ń hun aṣọ á tètè mọ ọgbọ́n inú rẹ̀. Bí ẹ bá fa aṣọ híhun, àlàfo àárín àwọn ìlà ara rẹ̀ á fẹ̀ sí i. Ní 1978, Ken Hill àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà rí i pé àwọn lè fi ìmọ́lẹ̀ fa ìlà tẹ̀lé ìlà sínú gíláàsì fáíbà. Ìlà kọ̀ọ̀kan ń dá ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ padà, ṣùgbọ́n àwọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn fohùn ṣọ̀kan lé lórí láti dá padà. Bí fáíbà bá gbóná tàbí tí nǹkan fà á, àlàfo àárín ìlà yóò yí, àwọ̀ tó ń padà yóò sì yí. Òṣùwọ̀n ooru kan péré lórí Celsius ń sún àwọ̀ náà ní nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún nánómítà, ẹ̀rọ tó dára sì ń rí i.

Kí ló dé tí wọ́n ń ṣe gbogbo wàhálà yẹn nígbà tí tẹmómítà wà? Nítorí iná mànàmáná. Fáíbà kò gbé iná, kò ní irin nínú. Ẹ lè mú un wọ inú ẹ̀rọ MRI, tó jẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì ńlá tí kì í gba wáyà irin láyè, kí ẹ sì máa fi ṣọ́ bí ara aláìsàn ṣe ń gbóná sí. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé wọ́n lè tì í gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ dé tòsí ọkàn kí wọ́n fi wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń kì í bọ agbárí ẹni tó fi orí gbá nínú jàǹbá ọkọ̀ láti mọ bóyá ọpọlọ rẹ̀ ń wú. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti ń ṣe èyí láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọ̀rọ̀ ṣúgà ìyá ẹlẹ́gùúsí ló kù. Páálí kékeré tó ń kán ẹ̀jẹ̀ ìka sí ní àràárọ̀, ẹ́ńsáìmù ló wà lórí rẹ̀, ohun tí ẹ̀dá alààyè ń lò láti fọ́ oúnjẹ. Nínú ọ̀pọ̀ páálí bẹ́ẹ̀, glucose oxidase ni orúkọ rẹ̀. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n jẹ, bó bá sì ti ń jẹ ẹ́ ló ń lo ọ́síjìn. Irú ẹ́ńsáìmù yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ ń lẹ̀ mọ́ ṣóńṣó fáíbà. Wọ́n á fi aró kan sí i tó máa ń tàn bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, ṣùgbọ́n ọ́síjìn a máa pa títàn rẹ̀. Bí ṣúgà bá pọ̀, ẹ́ńsáìmù á jẹun púpọ̀, ọ́síjìn á dín kù, aró á tàn gan-an. Bí ṣúgà bá kéré, aró á ṣókùnkùn. Fáíbà á gbé ìtànṣán náà padà fún ẹ̀rọ kà. Ẹ ò rí i pé ẹni tó mọ ṣúgà nínú páálí ìka náà ló mọ̀ ọ́n nínú fáíbà.

Ní Amẹ́ríkà, sẹ́ńsọ̀ kan wà tí kò lo fáíbà àmọ́ tó ń fi ohun tó ń tàn wọn ṣúgà, tí dókítà ń rì sábẹ́ awọ apá. Àjọ FDA wọn, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, fọwọ́ sí i ní 2018. Ìrètí wà nígbà náà, n kò fẹ́ pa ìrètí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ti aago ọwọ́ àti òrùka tí wọ́n ń polówó pé ó ń wo ṣúgà láìgún ara, àjọ kan náà kìlọ̀ ní oṣù kejì ọdún 2024 pé àwọn kò fọwọ́ sí ìkankan. Ẹni tó bá gún abẹ́rẹ́ ìnsúlínì nítorí ohun tí aago sọ fún un lè sùn kó má jí.

Àbúrò bàbá mi bọ́ sí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wá sí ìlú wa, wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ àti ìgbì ni àwọn fi ń wo gbogbo àrùn. Wọ́n fún un ní ọ̀pá irin kan dì mú, irin náà so mọ́ kọ̀ǹpútà, kò pẹ́ tí ìwé jáde lóríṣiríṣi: kíndìnrín báyìí, ẹ̀dọ̀ báyìí, eegun báyìí. Wọ́n ta oògùn fún un. Ó fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù méjì. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Títí dòní, inú máa ń bí mi tí mo bá rántí, nítorí ìbéèrè kan ì bá ti tú wọn fó: kí ló wà lórí irin yẹn? Kò sí áńtíbọ́dì, kò sí ẹ́ńsáìmù, kò sí aró, kò sí wúrà, wọn kò gba ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gba ìtọ̀. Ìránṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò di àrokò fún, tó wá dé ààfin tó ń sọ̀rọ̀, láti ibo ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá?

Ìbéèrè kejì ni ti ẹni tó ń ka àrokò: ta ni wọ́n fi kọ́ ọ? Ẹ mọ gbígbá ìka, ohun kékeré tó ń gbá ìka mú tí nọ́ọ̀sì ń fi wo ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, èyí tó gbajúmọ̀ nígbà Kòrónà. Takuo Aoyagi ará Japan ló gbé èrò rẹ̀ jáde ní 1974. Kò ní fáíbà nínú, ṣùgbọ́n ọmọ ilé kan náà ni. Ìmọ́lẹ̀ méjì ló ń tàn gba inú ìka, pupa àti ọ̀kan tí ojú kò rí. Ẹ̀jẹ̀ tó ní ọ́síjìn àti èyí tí kò ní i kì í gbé méjèèjì mì bákan náà, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń ṣírò. Àwọ̀ ara wa náà ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Ní 2020, àwọn dókítà ní Yunifásítì Michigan, níbi tí Hirschowitz ti gbé fáíbà mì níjọ́sí, tẹ ìwádìí kan jáde. Nínú àwọn aláìsàn tí gbígbá ìka kà ìdá 92 sí 96 nínú ọgọ́rùn-ún fún, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ inú iṣan wọn wò. Nǹkan bí èèyàn 12 nínú 100 aláwọ̀ dúdú ni ọ́síjìn wọn kò tó 88 rárá. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, kò tó 4 nínú 100.

Ẹ rò ó wò. Ẹ̀rọ ní ara le, ara kò sì le. Èmi kò lè fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí awọ ara wa ni. Bí wọ́n bá gbé sẹ́ńsọ̀ ìmọ́lẹ̀ èyíkéyìí wá sí Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Mọ́pà lọ́la, ẹ̀tọ́ wa ni láti béèrè pé ara irú àwọn wo ni wọ́n ti dán an wò. Fáíbà tó wọnú iṣan ẹ̀jẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìṣòro yìí, torí kò gba awọ wo nǹkan. Èyí tó ń gba ojú awọ wò ló ní in. Àti ní ilé ìwòsàn, ẹ nu ọ̀dà èékánná kúrò kí wọ́n tó fi gbígbá sí yín níka.

Bí ẹnì kan bá bi mí pé níbo ni mo ti fẹ́ rí sẹ́ńsọ̀ fáíbà jù ní ilẹ̀ Okun, màá ní kì í ṣe lára èèyàn. Ojú àtẹ ẹ̀pà àti ẹ̀gúsí ni. Ẹ̀pà tí kò gbẹ dáadáa kí wọ́n tó dì í sápò a máa bu, ohun kan bí ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé a sì hù sí i lára. Ìbátan olú ni, Aspergillus flavus ni orúkọ rẹ̀, májèlé tó ń tú jáde ló ń jẹ́ aflatoxin. Ní 1960, tòlótòló tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún kú ní England lẹ́yìn tí wọ́n jẹ oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀pà ṣe, ibẹ̀ ni ayé ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀dọ̀ èèyàn ló ń bá jà, ó sì lè di jẹjẹrẹ. Dídín kì í pa gbogbo rẹ̀, òórùn kì í sì í fi í hàn ní gbogbo ìgbà. Ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà ju máíkírógírámù 4 lọ nínú kílò kan ẹ̀pà jíjẹ, ìyẹn ìpín 4 nínú bílíọ̀nù kan. Ìdí kan nìyí tí wọ́n fi ń dá ẹrù Áfíríkà padà ní èbúté wọn.

Májèlé yìí gan-an ń di àrokò fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá tan ìmọ́lẹ̀ ultraviolet, èyí tí ojú wa kì í rí, sí i, ó ń tàn padà, irú kan á tàn búlúù, irú kejì á tàn bí ewé. Àwọn lẹ́tà B àti G tí wọ́n fi ń pe oríṣi rẹ̀ kò ju orúkọ àwọ̀ méjèèjì lọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Fáíbà kan lè gbé ìmọ́lẹ̀ lọ bá omi tí wọ́n fi fọ májèlé náà jáde lára ẹ̀pà, kó gbé ìtànṣán rẹ̀ padà, kí ẹ̀rọ kà á. Àwọn onímọ̀ ti ń ṣe irú rẹ̀ nínú lábù. Kò tíì dé ọjà Kàbà. Títí yóò fi dé, kí á máa sá ẹ̀pà sórí tapolín dípò ilẹ̀, kí ó gbẹ dénú kí a tó dì í, kí a sì máa ṣa èyí tó bá rún tàbí tó bu kúrò.

Ohun kan ṣì wà tó máa ń yà mí lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ glucose oxidase tó wà lórí páálí ṣúgà, ara Aspergillus niger ni wọ́n ti ń rí i, ìyẹn ọmọ ìyá ohun tó ń ba ẹ̀pà jẹ́. Ẹ̀gbọ́n ń pa ẹ̀dọ̀, àbúrò ń ṣọ́ àtọ̀gbẹ.

Mo padà lọ sí ìsọ̀ ìyá náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú ìgò àti tọ́ọ̀ṣì. Ó na ọwọ́ sábẹ́ omi, ìmọ́lẹ̀ jó lórí ìka tó ti gún tó gún, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Nígbà tí mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹ́ńsáìmù tán, pé nǹkan ẹlẹgẹ́ ni, pé ooru àti ọ̀rinrin ń pa á, ó dákẹ́ díẹ̀.

"Tíṣà, èyí tó wà nínú ìgò páálí tèmi ńkọ́?"

Ojú fèrèsé ló ń gbé e sí, níbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń wọlé, ìdérí rẹ̀ kò sì sé dáadáa. A jọ ka ọjọ́ tó wà lára rẹ̀: ó ti kọjá ní oṣù mẹ́ta. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀gúsí kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn rẹ̀, níbi tó tutù, kí àyè lè wà fún tuntun tó fẹ́ lọ rà.